Ẹ Ka Nọ́ńbà Ojú Ẹ̀rọ Fọ́tò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé kíkà, ẹ mú pẹ́ńsù àti ìwé yín wá sí tòsí, nítorí ìṣirò wà nínú ọ̀rọ̀ wa tòní.

Ẹ̀rọ fọ́tò ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló fẹ́ fi fọ́tò yíyà ṣe iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló sì ń dá owó jọ láti ra ẹ̀rọ kan tí wọn yóò máa fi ya ìkómọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Owó àjọ ni. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ tí kò dára wálé, ta ni yóò dá owó náà padà? A kì í sì í sin òkú àgbà lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́tò tó bá bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá lára ẹ̀rọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní zoom. Zoom ni agbára tí ẹ̀rọ ní láti fa ohun tó jìnnà súnmọ́ wa. Níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a kò lè wọ àárín agbo lọ dúró síwájú ẹni tó ń jó. Àwọn àgbà kò ní gbà. Ibi tí wọ́n bá ní kí á dúró sí ni a ó dúró sí, zoom ni yóò bá wa mú ojú ère tó wà lórí rẹ̀ wá sítòsí.

Ṣùgbọ́n zoom méjì ló wà. Orúkọ méjèèjì wà lára páálí ẹ̀rọ. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀: OPTIQUE. NUMÉRIQUE. Bó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ páálí náà, ẹ ó rí OPTICAL àti DIGITAL.

Zoom optique ni zoom tòótọ́. Àwọn dígí tó wà nínú ọ̀pá ojú ẹ̀rọ ni wọ́n ń sún síwájú tí wọ́n sì ń sún sẹ́yìn. Ẹ ó rí ọ̀pá náà tí yóò yọ síta. Gbogbo agbára ẹ̀rọ ni yóò fi ya ohun kékeré tí ẹ tọ́ka sí, àwòrán náà yóò sì mọ́.

Zoom numérique kò sún dígí kankan. Ńṣe ni ẹ̀rọ gé àárín àwòrán jáde, ó wá fẹ̀ ẹ́. Bí ẹni bu omi sí ọbẹ̀ ni. Ọbẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ata àti iyọ̀ kò pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ó. Àwọn àmì kéékèèké ló para pọ̀ di àwòrán. Ká ní ẹ̀rọ kan ní mílíọ̀nù 16. Bí ẹ bá lo zoom numérique ìlọ́po 4, ìdá kan nínú 4 ni ẹ mú ní ìbú, ìdá kan nínú 4 ni ẹ mú ní gígùn. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. Nínú mílíọ̀nù 16, mílíọ̀nù 1 péré ló kù. Ìdí nìyí tí ojú ènìyàn fi ń di wúruwùru nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka méjì fẹ àwòrán lójú tẹlifóònù tí kò ní dígí tirẹ̀ fún zoom, ohun kan náà ni ẹ ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ NUMÉRIQUE lè wà lára orúkọ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìyẹn kò burú. Èyí tó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ZOOM ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Nísinsìnyí, ọ̀nà wo ni a ó fi mọ òtítọ́ bí páálí kò bá sí mọ́? Ẹ wo ojú ẹ̀rọ náà. Wọ́n kọ nọ́ńbà yí dígí rẹ̀ ká. Lára Canon PowerShot SX740 HS, tó jáde ní 2018, ẹ ó rí 4.3-172.0 mm. Ẹ fi nọ́ńbà kékeré pín nọ́ńbà ńlá. Bí àmì kékeré inú 4.3 bá ń dà yín láàmú, ẹ fi 10 sọ méjèèjì di púpọ̀: 1720, ẹ fi 43 pín in. Ìdáhùn ni 40. Zoom optique rẹ̀ nìyẹn. Lórí páálí, wọ́n lè kọ ọ́ ní 24-960 mm, nítorí pé ìwọ̀n ẹ̀rọ onífíìmù ni wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ fi 24 pín 960: 40 náà ni.

Bí ọlọ́jà bá wá ní 160 ni, ẹ má bínú sí i. Ẹ bi í pé: «Optique ni àbí numérique?» Ńṣe ni wọ́n mú 40 optique, wọ́n fi 4 numérique sọ ọ́ di púpọ̀. 40 nìkan ni kí ẹ sanwó fún.

Mélòó ló wá tó wa? Ká ní ẹ dúró ní mítà 30 sí ẹni tó ń jó. Ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ láti 24 mm yóò mú ibi tó fẹ̀ tó bíi mítà 40 láìfa nǹkan kan. Ẹ fà á dé ìlọ́po 10: mítà 4 ni ẹ ó rí, ẹni tó ń jó àti onílù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fà á dé 20: mítà 2. Ẹ fà á dé 40: mítà 1, ère orí rẹ̀ gba ojú àwòrán. Ẹ̀yin náà rí i pé 20 sí 40 ti tó fún ayẹyẹ wa.

Àwọn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ wà. Nikon P900 tó jáde ní 2015 ní 83, owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà sì jẹ́ bíi dọ́là 600. P1000 tó jáde ní 2018 ní 125, owó rẹ̀ jẹ́ bíi dọ́là 1,000, ó sì wúwo ju kílò 1 lọ. Ẹni tó fẹ́ ya òṣùpá àti ẹyẹ orí igi gíga ni ìyẹn wà fún. Ẹ má fi owó àjọ ra òṣùpá.

Nọ́ńbà kejì tún wà lójú dígí, lẹ́yìn «1:». Lára SX740 HS, 3.3-6.9 ni. Èyí ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọlé. Bí nọ́ńbà yìí bá ti ń pọ̀ sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù. Bó bá di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ á ṣẹ́ ku ìdá kan nínú 4. Nítorí náà, bí ẹ bá fa zoom dé òpin, oòrùn ni ẹ nílò. Yóò ṣe dáadáa fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán, ṣùgbọ́n kò ní rọrùn fún Ẹ̀fẹ̀ alẹ́. Bákan náà, bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, àwòrán á gbọ̀n púpọ̀. Ẹ wá àmì IS, VR tàbí OIS, tàbí ọ̀rọ̀ STABILISATEUR: ó ń bá ọwọ́ tó ń gbọ̀n dúró. Síbẹ̀, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ ti ògiri.

Lọ́jọ́ ìrajà, ì báà jẹ́ ní Dantokpa tàbí ní ọjà ìlú yín, pàápàá bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ ṣe nǹkan márùn-ún wọ̀nyí:

1. Ẹ fa ọ̀pá ojú rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bó bá ń há tàbí tó ń ké bí iyanrìn, ẹ fi í sílẹ̀.
2. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú dígí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn, èéhu ni. Ẹ má rà á.
3. Ẹ jáde síta, ẹ ya pátákó kan tó jìnnà, tó ní lẹ́tà lára. Ẹ yà á láìfà, lẹ́yìn náà kí ẹ fà á dé òpin optique. Bí ẹ kò bá lè ka lẹ́tà náà, ẹ̀rọ náà kò ríran.
4. Ẹ bèèrè bátìrì àti ohun tí a fi ń gba iná sí i lára. Ẹ rí i pé a lè rí òmíràn rà.
5. Ẹ ní kí ọlọ́jà fi ibi tí a ti ń pa zoom numérique hàn yín, kí ẹ pa á.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó lè ka ọ̀rọ̀ méjì, tó sì lè pín nọ́ńbà kan pẹ̀lú òmíràn, owó rẹ̀ kò ní sọnù lọ́jà.

Iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ìkàwé yín: wọ́n kọ 5-100 mm sójú ẹ̀rọ kan. Ọlọ́jà ní zoom rẹ̀ jẹ́ 80. Mélòó ni optique? Níbo ni 80 ti wá? Ẹ jọ ṣe é.