Ohun Tí Ilé Ìrántí Ń Sọ àti Ohun Tí Ó Ń Gbé Mì

A júbà Olódùmarè, a júbà Ọ̀rúnmìlà Ẹlẹ́rìí Ìpín, a júbà àwọn olúwo tó ti kọjá lọ. Kí ìbà wa ṣẹ.

Ẹ̀yin ará Òde Màhín àti ẹ̀yin àlejò wa, nínú ẹsẹ Ifá, a kì í sọ pé àjálù dé, kí a sì dákẹ́. A ó dárúkọ awo tó dífá, ẹni tí wọ́n dá a fún, àti ohun tó ń dà á láàmú. A ó sọ bóyá ó rúbọ tàbí ó kọ etí ikún, kí a tó sọ àtubọ̀tán. Òṣùwọ̀n yìí la fẹ́ fi wọn àwọn ilé tí aráyé ń kọ́ láti rántí ìpakúpa tó fẹ́ pa ẹ̀yà run.

Ní Kigali, olú-ìlú Rùwáńdà, wọ́n ṣí ilé ìrántí kan ní 2004, ọdún kẹwàá tí wọ́n pa àwọn Tutsi nípakúpa. Òkú tó lé ní 250,000 ni wọ́n sin síbẹ̀. Ìtàn ibẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yọ àdá. Ó sọ nípa ìgbà tí àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m ń kọ ẹ̀yà sínú ìwé ìdánimọ̀, ó sì dé orí rédíò tó ń pe èèyàn ní aáyán. Àwòrán àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wọn àti oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ yóò mọ ìdí, yóò sì mọ òkú.

Nílé wa ńkọ́? Ní 1985, ìjọba àpapọ̀ ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun sí Umuahia. Ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ ojú omi àti ohun ìjà ló gba iwájú ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò gbà pé ìpẹ̀yàrun ni ohun tó bá wọn láàárín 1967 sí 1970, nígbà tí ebi ń pa ọmọdé kú. Ẹni tó bá wo irin nìkan, agbára ogun ni yóò rántí. Kò ní rántí ọmọ tí ebi pa.

Àwa náà ní tiwa, bí a kò tilẹ̀ pè é ní ìpẹ̀yàrun. Ní 1998 sí 1999, Ìlàjẹ àti Ìjọ̀ Àrógbò bá ara wọn jà. Abúlé jóná, ẹ̀mí sì ṣòfò níhà méjèèjì. Bí a bá máa kọ́ ilé ìrántí, kí ó dárúkọ òkú Ìlàjẹ, kí ó sì dárúkọ òkú Ìjọ̀. Ilé tó bá ka òkú ìhà kan tó fi ti èkejì sílẹ̀, ogun mìíràn ló ń tọ́jú.

Òkun ń jẹ etíkun wa. Ó ti gbé ilé púpọ̀ lọ ní Ayétòrò. Nítorí náà, ẹ má dúró de òkúta. Kí àgbà tó rí i sọ ọ́, kí ọmọ há a sórí bí a ti ń há Ifá. Ohun tó wà nínú orí, omi kì í gbé e.

Ifá á gbè wá o. Àṣẹ.