Eyín Tí Kò Hù

 

Ọ̀rọ̀ eyín ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe eyín tí kòkòrò jẹ, kì í sì í ṣe eyín tí ogbó ká. Eyín tí kò hù rárá ni.

Ìyá kan wà ní kíláàsì wa. Ó mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ó kà á sókè, yóò fi ìborùn bo ẹnu. Mo rò pé ìwé ló ń bà á lẹ́rù. Àṣé eyín méjì ni kò sí lókè, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín iwájú méjèèjì. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní "Akáyín." Wọ́n ní kò ju eyín rẹ̀ sórí òrùlé nígbà tí ó ká, alángbá sì rí i. Ó gbà pé ẹ̀bi òun ni.

Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ pé ọdún 10, tí eyín méjì kan náà kò hù fún òun náà, ó wá bá mi. Ohun tí mo sọ fún un nìyí.

Alángbá kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Eyín ọmọdé jẹ́ 20, ti àgbà tí ó pé jẹ́ 32. Olúkúlùkù ní irúgbìn tirẹ̀ nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, inú oyún sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àgbẹ̀ kò bá gbin àgbàdo sí, bí òjò rọ̀ títí, àgbàdo kò ní hù níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni eyín tí kò ní irúgbìn. Àgbo kò lè mú un hù. Ó sì sábà máa ń wà nínú ìdílé, bí ìyá ti ní i ni ọmọ lè ní i.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣebí adìẹ kò léyín, ó sì ń jẹun?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n adìẹ ní iwe tí ń lọ oúnjẹ fún un. Àwa kò ní irú rẹ̀. Ẹni tí eyín púpọ̀ kò hù fún, ẹran àti àgbàdo sísun á ṣòro fún un láti jẹ. Ó lè ṣòro fún un láti pe "f" àti "s" dáradára. Ojú títì ló wá burú jù. Kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní sọ̀rọ̀ láwùjọ. À ń yin eléjí pé ó lẹ́wà, kí ló dé tí a ń fi ẹni tí eyín rẹ̀ kò hù ṣẹ̀sín?

Kí ni kí a ṣe? Bí eyín bá hù ní apá kan, tí ẹnìkejì rẹ̀ kò hù lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 6, ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àti ní UCH ní Ìbàdàn. Wọn yóò ya àwòrán egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti wò ó. Ẹ má fi tipátipá yọ eyín ọmọdé tí ó kọ̀ tí kò ká. Bí kò bá sí eyín mìíràn lábẹ́ rẹ̀, ó lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Eyín àtọwọ́dá náà wà.

Bí eyín púpọ̀ kò bá hù fún ọmọ, tí irun rẹ̀ fọ́nká, tí kì í sì í làágùn, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Ooru lè ṣe é ní jàǹbá. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ìyá yẹn ti mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Ifẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, òun ni ó kọ́kọ́ dìde kàwé fún wa. Àlàfo náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Èjìká ni ìborùn rẹ̀ wà.

Ẹni tí ó bá gbọ́, kí ó sọ fún ẹni tí kò gbọ́.