Àgò Ni À Ń Kí Kí A Tó Wọlé

Àlejò tí ó mọ ìwà a máa kí àgò kí ó tó wọ ilé onílé. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí kì í kí àgò. Oníṣòwò kan ní Logbaba, ní ìlú Douala, lè gba ètò ọ̀fẹ́ kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, bráúsà tí ó yàn láti máa fi wo íntánẹ́ẹ̀tì ti kúrò ní ipò rẹ̀, òmíràn ti jókòó síbẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá kò mórí bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2015, Chris Beard, ọ̀gá Mozilla, kọ̀wé ní gbangba sí Satya Nadella, ọ̀gá Microsoft, pé Windows 10 ń fi bráúsà Microsoft rọ́pò èyí tí àwọn ènìyàn ti yàn.

Owó ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá di ẹnu-ọ̀nà mú ni ó ń jẹ èrè ìpolówó ọjà. Ní ọdún 2022 nìkan, Google san 20 bílíọ̀nù dọ́là fún Apple kí ètò ìwádìí rẹ̀ lè wà ní ipò àkọ́kọ́ nínú bráúsà Safari.

Òfin Kamẹrúùnù ti ọdún 2010 fi ìyà sí orí ẹni tí ó bá fi ẹ̀tàn wọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti fi àṣẹ pamọ́ sínú ìwé gígùn, onílé a máa gbà láìmọ̀. Kí olúkúlùkù kà á dáadáa kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Kí àwọn tí ń ṣe ètò sì béèrè ní gbangba. Onílé tí a bá bi léèrè lè kọ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.