Ìgbàgbọ́ Nígbà Tí Èrò Kò Bá Ṣọ̀kan

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Bí Kristẹni méjì bá ka Bíbélì kan náà, tí wọ́n gbàdúrà sí Ọlọ́run kan náà, tí èrò wọn sì lòdì síra pátápátá, kí ni onígbàgbọ́ yóò fẹ̀yìn tì?

Ẹ jẹ́ kí á fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa níhìn-ín ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn líle kan jà yí ayé ká, ó sì dé ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀mí tó bá a lọ kò kéré. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà, lára wọn Joseph Shadare, kóra jọ láti máa gbàdúrà. Ó yé wọn pé Ọlọ́run nìkan ni oníṣègùn, àti pé kò yẹ kí Kristẹni lo oògùn rárá, ìbáà ṣe àgbo, ìbáà ṣe ti òyìnbó. Nítorí èyí, àti nítorí pé wọn kò fara mọ́ ṣíṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, wọ́n fi ìjọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1922.

Ní ọdún 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì tẹ́lẹ̀ rí, ni Ọlọ́run lò níbẹ̀. Èrò wọ́ tìrítìrí, ọ̀pọ̀ sì kó oògùn àti oǹdè wọn dànù. Lẹ́yìn èyí, àwọn aṣáájú ránṣẹ́ sí ìjọ Àpọ́sítélì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ajíhìnrere òyìnbó sì dé láti bá wọn ṣiṣẹ́. Àfi bí ó ti di pé wọ́n rí àwọn òyìnbó wọ̀nyí tí wọ́n ń lo kuníìnì nítorí ibà! Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an.

Àwọn kan ní, “Ẹni tó ń gbé kuníìnì mì, báwo ni yóò ṣe wàásù pé Jésù ń woni sàn?” Àwọn òyìnbó ní, “Ta ló dá igi tí a ń rí kuníìnì lára èèpo rẹ̀, bí kò ṣe Ọlọ́run?” Kuníìnì nìkan kọ́ ló dá ìjà náà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣàkóso ìjọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1941, ìjọ ti pín sí méjì. Àwọn kan dúró ti òyìnbó, àwọn kan sì di ìjọ tí a mọ̀ sí Christ Apostolic Church. Nínú àwọn aṣáájú ìjọ yìí ni Isaac Akínyẹlé wà, ẹni tó jọba ní Ìbàdàn ní ọdún 1955. Ẹ sì wò ó o, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alexander Akínyẹlé, ni bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní Ìbàdàn kan náà. Ọmọ bàbá kan, ìjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Kristi kan ṣoṣo.

Ta wá ni kò nígbàgbọ́ nínú wọn? Ẹ má yára dáhùn. Àwọn tó kọ oògùn ti rí i pé oògùn àti ẹbọ so kọ́ra nílẹ̀ yìí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀kan yóò padà sí èkejì. Àwọn tó ń lo oògùn pẹ̀lú kò sọ pé Ọlọ́run ò lágbára. Bí a bá sì ṣí Bíbélì, a ó rí obìnrin tó ná gbogbo owó rẹ̀ fún oníṣègùn láìsàn, kí Jésù tó wò ó. A ó tún rí wòlíì Aísáyà tó ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo Hesekáyà ọba, lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà rẹ̀. Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni. Bí a bá ń fi ẹsẹ Bíbélì sọ ara wa lókò, òkò kò ní tán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Irú ìjà báyìí wà ní Róòmù nígbà ayé Pọ́ọ̀lù. Àwọn kan ń jẹ ẹran, àwọn kan kò jẹ jù ẹ̀fọ́ lọ. Ẹ ka orí kẹrìnlá ìwé rẹ̀ sí wọn. Kò fi ipá mú wọn ní èrò kan. Ó ní kí ohun tí olúkúlùkù ń ṣe dá a lójú lọ́kàn ara rẹ̀, kí ó má sì dá ìránṣẹ́ ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Ó tún ní kí ẹnikẹ́ni má fi òmìnira rẹ̀ gbé arákùnrin rẹ̀ ṣubú.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ìgbàgbọ́ wa nínú Kristi yàtọ̀ sí ìgbàgbọ́ wa nínú èrò ara wa. Kristi kò lè ṣìnà. Èmi àti ìwọ lè ṣìnà. Nítorí náà, ẹni tó fẹ̀yìn ti Kristi yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo ṣìnà ńkọ́, ta ni yóò jìyà rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Bí àgbàlagbà bá ní òun kò lo oògùn, ara rẹ̀ ni, ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ ni. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì tí ara rẹ̀ ń jó bí iná, tí gìrì ti gbé, kò ní èrò kankan nínú àríyànjiyàn wa. Ibà kì í dúró de ìpàdé àwọn alàgbà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Láti ọdún 1897 ni a ti mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, a sì ti mọ oògùn rẹ̀. Lóde òní, oògùn tí a mú jáde láti ara ewé kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ lò dípò kuníìnì. Gbé ọmọ náà, ìyá rere, kí o máa gbàdúrà lọ ní gbogbo ọ̀nà títí dé ilé ìwòsàn. Àdúrà kò kọ ẹsẹ̀ rírìn.

Ẹ rántí pé ní Iléṣà ibi tí ìsọjí ti bẹ́ sílẹ̀, níbẹ̀ náà ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀. Ìlú kan gba méjèèjì. Ǹjẹ́ ọkàn kan kò lè gbà wọ́n bí?

Bí èrò bá tún kọlura nínú ilé tàbí nínú ìjọ yín, lórí ohun yòówù kí ó jẹ́, ẹ di Kristi mú ṣinṣin, kí ẹ sì fi ọwọ́ ẹ̀rọ̀ di èrò ara yín mú. Ẹ dáàbò bo ẹni tí kò lágbára. Kí ẹ sì rí i pé ẹ ṣì lè kúnlẹ̀ gbàdúrà pẹ̀lú ẹni tí ẹ jọ jiyàn.