Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọgbọ́n Ẹgbẹ́ Bá Ẹnì Kan Lọ



Ẹ jẹ́ ká wo ẹgbẹ́ tí ń ṣe gàrí. Gbogbo wọn ló lè rin ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan ṣoṣo lè wà láàárín wọn tí ó mọ iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ yóò lò nínú àpò kí gàrí lè kan bó ti yẹ. Òun ló mọ bí iná ṣe yẹ kó rí. Nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn oníbàárà ṣe ń wá.

Bí ìyá yìí bá ṣàìsàn ńkọ́? Bó bá kó lọ sí ìlú mìíràn ńkọ́? Gàrí á yí padà. Àwọn oníbàárà á lọ bá ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ wà, àpò wà, ọgbọ́n ti lọ.

Gbogbo wa la mọ ọkọ̀ Toyota. Ní ọdún 1950, Eiji Toyoda, ọ̀kan nínú àwọn olórí ilé-iṣẹ́ náà ní Japan, lọ wo ilé-iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé wọ́n ń gba èrò lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1951, Toyota náà bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá rí ọ̀nà tó dára jù á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá wúlò, wọ́n á fún un lẹ́bùn, wọ́n á sì máa lò ó. Ní ọdún 2008, ọkọ̀ tí Toyota tà ju ti General Motors ti Amẹ́ríkà lọ. Èyí nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ó wà lára rẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ ra ìwé kan fún ẹgbẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ wọ àpò àti ọjọ́ tí ẹ yan án. Ẹ kọ ohun tí oníbàárà wí. Bí ẹ bá fẹ́ dán ọ̀nà tuntun wò, ẹ fi ẹ̀gẹ́ díẹ̀ ṣe é, kí ẹ kọ bó ti rí. Ẹ máa ka ìwé náà sókè ní ìpàdé.

Àwọn kan ń fi ọgbọ́n pamọ́. Wọ́n ń bẹ̀rù pé, bí àwọn bá sọ ọ́, a kò ní ka àwọn sí mọ́. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó mú ọgbọ́n wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ìyá tó mọ gàrí kò bá mọ ìwé, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ jókòó tì í. Kí ìyá máa sọ, kí ẹ̀yin máa kọ.