Iṣẹ́ Àánú ní Ilé-Ifẹ̀: Kí Ló Kù ní Ọjọ́ Kẹjọ?

  

Kì í ṣe ohun tuntun ní Ilé-Ifẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ láti fi ṣiṣẹ́ fún ará ìlú láìgba kọ́bọ̀. Ní ọdún 1954 ni àwọn ọmọ ilé-ìwé dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí MSSN, sílẹ̀ ní Èkó. Ẹgbẹ́ náà fìdí múlẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ní ilé-ìwé gíga ń pè ní Ọ̀sẹ̀ Jìhádì. Ẹlòmíràn a gbọ́ orúkọ yìí, àyà rẹ̀ a já. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ èdè Lárúbáwá mọ̀ pé akitiyan ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, àti pé ẹni tí ó gbé ṣọ́bìrì láti kó ìdọ̀tí kúrò lójú ọ̀nà kò jìnnà sí i. Wàásù àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń pọ̀ jù nínú irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ náà máa ń wọ̀ ọ́: ìmọ́tótó àdúgbò, ìbẹ̀wò sí aláìsàn, ẹ̀jẹ̀ fífi sílẹ̀ fún ilé-ìwòsàn. Apá iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ òní kàn. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: bí ọ̀sẹ̀ bá parí ní ọjọ́ keje, kí ni ará Ifẹ̀ yóò rí ní ọjọ́ kẹjọ?

Inú gọ́tà ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ẹnu ọ̀nà Yunifásítì bọ̀, tí ó gba Mayfair kọjá sí Lágere títí dé Sábó lẹ́yìn òjò ńlá, yóò rí ohun tí ọ̀rá omi mímu ń ṣe fún ojú àgbàrá. Àwọn ọ̀dọ́ a dé ní òwúrọ̀ Sátidé, wọn a fi tagbáratagbára kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá jáde, wọn a wọ́ ọ jọ sí etí gọ́tà, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì lọ jẹun. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, òjò a dá gbogbo rẹ̀ padà síbi tí wọ́n ti kó o. Agbára kọ́ ni wọn kò ní. Wọ́n rántí ṣọ́bìrì, wọn kò rántí ọkọ̀ tí yóò kó ẹrẹ̀ lọ. Bí owó ẹgbẹ́ bá sì lè ká ẹ̀wù tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí láyà àti fìlà tí ó bá a mu, ó yẹ kí ó lè ká típà kan fún wákàtí mẹ́ta. Gbogbo Mùsùlùmí ni ó mọ Hádíìsì tí ó fi mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Kúrò lójú ọ̀nà ni Ànábì wí. Kò sọ pé kí á gbé e láti inú gọ́tà sí etí gọ́tà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé irú iṣẹ́ yìí rẹ ọmọ Yunifásítì sílẹ̀. Ní ọdún 5 lẹ́yìn Híjírà, tí í ṣe 627, nígbà tí ogun ń bọ̀ wá ká Mẹ̀dínà mọ́, Salman ará Páṣíà ni ó mú ìmọ̀ràn wá pé kí wọ́n gbẹ́ yàrà yí ẹ̀gbẹ́ ìlú tí ó ṣí sílẹ̀ ká. Ànábì kò jókòó sábẹ́ àtíbàbà kí ó máa tọ́ka. Òun náà ru erùpẹ̀ títí eruku fi bo awọ ikùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ebi sì ń pa gbogbo wọn. Ìtàn tún sọ pé ó pín ilẹ̀ náà fún wọn, ogójì ìgbọ̀nwọ́ fún ènìyàn mẹ́wàá mẹ́wàá, kí olúkúlùkù lè mọ ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Iṣẹ́ tí a pín báyìí ni a lè bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí a fi lé lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tí ó kó ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ sí ojú kan, tí ogún ń ṣiṣẹ́ tí ọgọ́rin ń wòran, kò tíì ka ìtàn yìí dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni ó gba àlàyé jù, nítorí pé ibẹ̀ ni inú rere ti ń ṣòfò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe ti ará Ifẹ̀ nìkan; láti Ọ̀ṣun, láti Òǹdó àti láti Èkìtì ni àwọn aláìsàn ti ń wá síbẹ̀. Abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ọmọdé tí ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, ẹni tí ó bọ́ lórí ọ̀kadà, ọ̀dọ́ tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà, gbogbo wọn ni ó ń dúró de ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 4 ní ilẹ̀ wa ni ó ru ẹ̀jẹ̀ AS, nítorí náà àìsàn ìkẹyìn yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀jẹ̀ tí a ń gbà lára ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan kò ju nǹkan bíi mílílítà 450 lọ. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ sínú fìríìjì ilé-ìwòsàn, sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ wúlò fún ọjọ́ 35 sí 42. Apá tí ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 5 lọ. Wàyí o, bí ọ̀dọ́ 60 bá tò ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ àánú, tí gbogbo wọn fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ìròyìn a tàn, ọpẹ́ a pọ̀. Tí oṣù méjì bá fi kọjá, ìwọ̀nba tí a kò tíì lò nínú rẹ̀ ti bàjẹ́, abiyamọ tí ó dé ní oṣù kẹta kò sì ní rí nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ a máa sáré kiri ọ̀nà láti wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pín àwọn 60 yìí sí oṣù 12, ènìyàn 5 ni yóò máa lọ lóṣooṣù, kò sì ní ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè fi sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, obìnrin ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin. Bí olúkúlùkù bá lọ lẹ́ẹ̀mẹta péré lọ́dún, ènìyàn 15 ni yóò máa dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn lóṣooṣù. Ènìyàn 60 kan náà ni o. Ìwé orúkọ ni ó yàtọ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù nítorí ẹ̀sìn. Lóòótọ́, Àlùkùránì ṣe jíjẹ ẹ̀jẹ̀ ní èèwọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti wo ọ̀rọ̀ fífa ẹ̀jẹ̀ sí ara aláìsàn lójú ìnira, wọ́n sì gbà á láyè, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tà á. Súúrà karùn-ún sì ti fi ẹni tí ó gba ẹ̀mí kan là wé ẹni tí ó gba gbogbo ènìyàn là. Ní ti oṣù Ràmàdáánì, èdè-àìyedè wà láàrin àwọn onímọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ fífi sílẹ̀ ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ bọ́ nínú iyèméjì, kí ó ṣínu kí ó tó lọ. Ẹ̀rù kejì ni ti àyẹ̀wò, nítorí wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún kòkòrò HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ki àti àtọ̀sí olóde. Ẹni tí àyẹ̀wò bá sì bá nǹkan kan lára rẹ̀, àṣírí rẹ̀ ni. Ọ̀gá ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ bèèrè ìdí tí arákùnrin kan kò fi padà lọ.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ń ṣe lábẹ́ àtíbàbà lẹ́nu ọjà dára, ṣùgbọ́n bí ìyá aláta bá gbọ́ pé tirẹ̀ ti kọjá 140 lókè àti 90 nísàlẹ̀, tí a kò fún un ní ìwé tí yóò mú lọ sí ilé-ìwòsàn, tí ẹnikẹ́ni kò sì padà wá bèèrè rẹ̀, ìbẹ̀rù lásán ni a gbé lé e lọ́wọ́ lọ sílé.

Kànga ńkọ́? Nígbà tí omi mímu wọ́n ní Mẹ̀dínà, Uthman ọmọ Affan fi owó ara rẹ̀ ra kànga Rúúmà, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí a ń pè ní wákáfù nìyẹn: ohun tí ó kúrò lọ́wọ́ olówó, tí ẹnikẹ́ni kò lè tà, tí àǹfààní rẹ̀ kò sì dúró. Kànga ẹ̀rọ tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára gàdàgbà kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Èyí tí ó tún ń pọn omi lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀rọ bàjẹ́, kò sí owó àtúnṣe, kò sí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹgbẹ́ kò lè dín ẹwà ilé kànga kù, kí ó fi ìyókù owó náà pamọ́ fún àtúnṣe, kí ó sì fi í sí ìkáwọ́ àwọn obìnrin àdúgbò tí ń pọn omi náà? Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń mọ̀ bí ẹ̀rọ bá fẹ́ dákẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó le láti sọ ní Ilé-Ifẹ̀, kò sì yẹ kí á fò ó. Àdúgbò wo ni iṣẹ́ àánú yóò dé? Láti ọdún 1997 títí di ọdún 2000, Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ja ìjà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ibùdó ìjọba ìbílẹ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì ti wà láti ìgbà tí àwọn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú mọ́ lórí wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní ọ̀rúndún 19. Mùsùlùmí wà ní ìhà méjèèjì. Àwọn tí wọ́n ń dojú kọ Kéébà kan náà ni wọ́n ń yìnbọn síra wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Sábó láàrin àwọn ará Ifẹ̀ àti àwọn Haúsá. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná. Nígbà tí Jímọ̀ dé, ìrun kan náà ni àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ àti àwọn tí wọ́n ń bẹ̀rù wọn ń kí.

Ní Mẹ̀dínà pẹ̀lú, ìran Aosu àti Kasirají ti pa ara wọn fún ìgbà pípẹ́ kí Ànábì tó dé. Àwọn wọ̀nyí, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ṣí wá láti Mẹ́kà, ni wọ́n jọ wà nínú yàrà kan náà. Ìtàn sọ pé àwọn onílé àti àwọn tí ó ṣí wá ń du Salman mọ́ ara wọn lọ́wọ́, olúkúlùkù ní tiwọn ni, títí Ànábì fi kà á mọ́ ará ilé tirẹ̀. Àlejò tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ ni Salman! Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí bá ń ya àdúgbò tí yóò gbálẹ̀ rẹ̀, kí ó má ṣe parí ìwé rẹ̀ kí Sábó àti Modákẹ́kẹ́ tó wọ̀ ọ́. Kí ọmọ Modákẹ́kẹ́ wà nínú àwọn tí yóò gbá Ìrèmọ, kí ọmọ Ìrèmọ wà nínú àwọn tí yóò lọ sí Modákẹ́kẹ́, kí ọ̀dọ́ Haúsá sì di ṣọ́bìrì mú láàrin wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ àti àwọn àgbà àdúgbò, kí wọ́n bèèrè ohun tí ó ń dùn wọ́n. Ó lè jẹ́ pé kì í ṣe gọ́tà rárá. Àwọn Onígbàgbọ́ pẹ̀lú wà lára aládùúgbò. Láti àwọn ọdún 1940 ni ilé-ìwòsàn ìjọ Seventh-Day Adventist ti wà nílùú yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ni a sì bí síbẹ̀.

Súúrà 76 yin àwọn tí ń bọ́ tálákà, ọmọ òrukàn àti ẹlẹ́wọ̀n, tí wọn kò retí ẹ̀san tàbí ọpẹ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n wà ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn tí ń dúró de ìdájọ́ ni ó pọ̀ jù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn mìíràn sì wà níbẹ̀ nítorí owó ìtanràn tí kò pọ̀. Owó oúnjẹ àsè ìkádìí ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ àánú lè tó láti mú irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kan padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní ti fọ́tò, kò sí ẹni tí ó ní kí ẹgbẹ́ má ṣe fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn tí wọ́n dá owó. Ohun tí ó burú ni kí á gbé kámẹ́rà sí ojú arúgbó tí ń gba ìrẹsì, tí kò lè kọ̀ nítorí ebi. Ṣekárími ni, a sì ti tà sàárà náà.

Obìnrin kan wà ní Mẹ̀dínà, aláwọ̀ dúdú, tí ó máa ń gbá mọ̀ṣáláṣí Ànábì. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ni. Nígbà tí ó kú, àwọn Sàhábà sin ín lóru, wọn kò jí Ànábì, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ànábì kò rí i, ó bèèrè rẹ̀. Wọ́n ní ó ti kú. Ó ní èé ṣe tí wọn kò sọ fún òun? Ó ní kí wọ́n fi ibojì rẹ̀ han òun, ó sì lọ síbẹ̀, ó kírun sí i lára.