Alert Kì í Ṣe Owó: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Oníṣòwò Kékeré

Láti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá wà ní ìsọ̀, ẹ fi etí kan sí oníbàárà, kí ẹ fi èkejì sí mi.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo gbé wá lónìí: bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ọjà wa, bí a ṣe ń ṣọ́ owó àti fóònù wa, àti bí a ṣe ń tọ́jú ara wa. Mo pa wọ́n pọ̀ nítorí pé wọ́n so mọ́ra. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í ka ohun tó wà níwájú rẹ̀ dáadáa, òun ni wọ́n sì máa ń tètè rẹ́ jẹ.

Ẹ kọ ọ́ kí ó yé ènìyàn

Ẹ wo status WhatsApp àwa oníṣòwò. Àwòrán ẹlùbọ́ kan, lábẹ́ rẹ̀: “Ojúlówó ọjà ti dé o! Ẹ pè wá fún iye rẹ̀.” Ẹni tó fẹ́ rà á kò mọ iye tó jẹ́, kò mọ ibi tí ẹ wà, kò mọ̀ bóyá ẹ lè gbé e wá. Ojú ń tì í láti béèrè, kí owó ọwọ́ rẹ̀ má lọ kéré jù. Ó kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ohun márùn-ún ni kí ẹ máa kọ: ọjà náà, ìwọ̀n rẹ̀, iye rẹ̀, ibi tí ẹ wà, àti bí yóò ṣe dé ọwọ́ oníbàárà. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ: “Ẹlùbọ́ iṣu, a ti jọ̀ ọ́ dáadáa. Kọ́ńgò kan, ₦3,500. Ìfọ́n la wà. À ń gbé e lọ sí Òṣogbo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó rà á ló máa san owó ọkọ̀.” Iye tiyín ni kí ẹ fi síbẹ̀ o, àpẹẹrẹ lásán ni tèmi.

Ti gbèsè ńkọ́? Ẹ má fi ìbínú kọ ọ́, ẹ má sì fi gbé e sórí status. Ẹ kọ ọ́ sí ẹni náà nìkan: “Ẹ káàárọ̀ mà. Ó ku ₦6,000 lórí aṣọ tí ẹ mú lọ́jọ́ kẹrin oṣù yìí. Ẹ ní ọjọ́ Ẹtì lẹ máa san án. Ṣé ó ṣì dúró bẹ́ẹ̀?” Iye wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀. Tí àríyànjiyàn bá sì dé lọ́la, ẹ̀rí yín ti wà nílẹ̀.

Owó tó dún, owó tí kò wọlé

Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí báńkì àpapọ̀, CBN, kéde pé àwọn máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tí ọdún 2023 fi máa bẹ̀rẹ̀, owó níná ti di ohun àwárí. Àwọn ènìyàn ń tò sẹ́nu báńkì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá wa tí kò gba transfer rí, ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, torí bí wọn kò bá gbà á, ata á rà mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ráyè kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe máa dá ayédèrú mọ̀. Àwọn olè náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Oníbàárà ra ọjà, ó tẹ fóònù, ó ní “Ó ti wọlé, mà.” Ó fi ojú fóònù rẹ̀ hàn yín, wọ́n kọ “successful” síbẹ̀. Tàbí kí fóònù yín dún, kí ọ̀rọ̀ wọlé tó jọ ti báńkì gan-an. Àwọn áàpù kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n ya rìsíìtì ayédèrú lọ, wọ́n sì lè fi orúkọ báńkì bo nọ́ńbà tí wọ́n fi tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ má fi alert ka owó. Ẹ ṣí áàpù báńkì tiyín, tàbí kí ẹ tẹ USSD báńkì yín, kí ẹ wo iye tó kù níbẹ̀. Tí kò bá tíì lé sí i, ẹ sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó díẹ̀, kò tíì yọ níbí.” Ẹni rere á dúró. Ẹni tó ń kánjú, tó ń pariwo pé ẹ ń fi olè lọ òun, òun gan-an ni kí ẹ má fi ọjà lé lọ́wọ́.

Èkejì ni ti WhatsApp. Ẹnìkan á pè yín: “Ẹ̀gbọ́n, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ bá mi kà á.” Nọ́ńbà mẹ́fà ni. Bí ẹ bá kà á tán, WhatsApp yín ti di tiẹ̀. Ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ yín tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín.

Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ fi PIN tiyín síbẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni. Tí wọ́n bá ti gbà á lọ, ẹ tún fi nọ́ńbà yín wọlé kíákíá. Kóòdù tuntun tó bá wá sórí SIM yín máa lé olè náà jáde. Lẹ́yìn náà ẹ pe àwọn ènìyàn yín. Tí fóònù bá sọnù, ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ network ti SIM yẹn pa, kí ẹ sì pe báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin náà jẹ́ ọjà

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ni ti ìsinmi nínú òwò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ tún dé sí àgbègbè wa, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ìsọ̀ tì, ọjà ń bàjẹ́ nílé, ọkàn kò balẹ̀. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní oníṣòwò, oníbàárà ara wọn sì ni wọ́n. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́ni pé ara àti ọkàn wà lára owó òwò. Ó tún ń kọ́ni pé kí a má máa fi ohùn tí a kò mọ ẹni tó sọ ọ́ ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Ohùn kan péré lè dá ìjà tí a ti parí sílẹ̀ padà.

Ẹ yan aago tí ẹ máa pa fóònù òwò. WhatsApp Business, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè dá àwọn ènìyàn lóhùn pé ẹ máa jí bá wọn ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ máa jẹun kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí yín, ẹ má dúró di ọjọ́ tí orí bá fọ́.

Èyí tó kẹ́yìn ló wúwo jù lọ́kàn mi. Tí wọ́n bá ti lu yín ní jìbìtì, ẹ má gbé e mì. Ìtìjú ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ fi í pamọ́ fún ọkọ, fún ìyàwó, fún ọmọ, tí wọ́n á wá lọ yá owó lórí owó láti fi bo ihò náà. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnìkan lọ́jọ́ náà, ẹ sọ fún báńkì, ẹ sọ fún ọlọ́pàá. Olè ló yẹ kí ojú tì.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ìyá kan tó ń ta nǹkan. Tí kò bá lè kà á, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bá a fi PIN yẹn sí i. Ó dìgbà kan ná o. Ọjà á tà.